Àwọn Èhù Tí Kò Ní Oko

Lọ́dọọdún, tí oṣù Èrèlé bá ti dé ìdajì, ìjà fèrèsé máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín Kapitolina àti Saveli ọkọ rẹ̀. Kapitolina ló ni òdòdó, Saveli ló ni tòmátì, fèrèsé mẹ́ta péré ló sì wà nínú ilé oníyàrá méjì tí wọ́n ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, ní ìlú Kurgan. Níta, yìnyín ti mu èèyàn dé orúnkún, oòrùn kì í sì í pẹ́ ju ẹni tó yà kí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà lọ. Ohunkóhun tó bá ní ewé tó sì fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ lásìkò yẹn, orí pèpéle fèrèsé ló gbọ́dọ̀ wà. Kapitolina á ní òun ò ní gbé jerániọ̀mù òun kúrò nítorí tòmátì ẹnikẹ́ni. Saveli á ní, "Ṣé jerániọ̀mù la máa jẹ nígbà ooru?" Wọ́n á bá ara wọn yodì títí di àṣálẹ́, kí Kapitolina tó máa kó òdòdó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìkùnsínú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń ja ìjà yìí, ká sì sòótọ́, ó ń dùn mọ́ wọn.

Lọ́dún yìí, kò sí ìjà. Kapitolina fúnra rẹ̀ ló kó jerániọ̀mù rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti òdòdó etí erin inú ìkòkò amọ̀, àti òdòdó olókùn tó ti ń fà gba ògiri láti ọjọ́ pípẹ́, ó tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ nínú ilé yẹn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, Saveli ń so tòmátì mọ́ igi nínú oko wọn lẹ́yìn ìlú ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n wúwo. Oṣù méjì ló lò nílé ìwòsàn. Láàárín oṣù méjì yẹn ni Kapitolina dá lọ sí oko, tó ká tòmátì tó ti ń jẹrà lórí igi, tó wo ahéré onípákó àti ilé ìwẹ̀ olóoru tí Saveli fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, tó wo ilẹ̀ rẹrẹ tó ń dúró de ẹni tó máa tú u, tó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré, tó sunkún. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ò gbà á láyè kó bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní Vladivostok, ìrìn ọjọ́ márùn-ún nínú ọkọ̀ ojú irin, kì í sì í pè wọ́n ju ìgbà ọdún lọ. Nígbà tí obìnrin kan wá béèrè bóyá oko náà wà fún títà, Kapitolina tà á. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ilẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé ọkọ ẹ ńkọ́. Ó fi owó náà ra ibùsùn tó ń gbé orí aláìsàn sókè, ó sì gba nọ́ọ̀sì kan tó ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Ó kù kó sọ fún Saveli. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wálé ló ti pinnu láti sọ ọ́. Àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ahọ́n Saveli tú díẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ìyàwó, kì í ṣe orúkọ ọmọ. "Oko," ló wí. Ó tún un wí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Dókítà ní aláìsàn tó bá ní ohun tó ń retí ló máa ń dìde, pé kí wọ́n má ṣe mú ohun tí ọkùnrin yìí ń retí kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kapitolina gbọ́, ó sì pa ẹnu dé. Ẹ má tètè bínú sí i. Irọ́ tó ṣòro jù láti tú ni èyí tó ń ṣe aláìsàn lóore.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní ìparí oṣù Èrèlé, Saveli pè é láti orí ibùsùn.

"Ìyá, kí ni òṣùpá wí?"

"Òṣùpá ò bá mi sọ̀rọ̀ o."

"Lọ wo kàlẹ́ńdà, jàre."

Kàlẹ́ńdà òṣùpá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, bó ṣe wà nílé gbogbo ẹni tó ń gbin nǹkan ní Kurgan. Òun ló ń sọ ọjọ́ tó dáa fún ohun tó ń so lókè ilẹ̀, ọjọ́ tó dáa fún ohun tó ń ta nísàlẹ̀, àti ọjọ́ tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irúgbìn rárá. Kapitolina wò ó, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kó jẹ́ ọjọ́ tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan. Ọjọ́ kejì ni kàlẹ́ńdà mú, ọjọ́ tó dáa jù nínú oṣù náà fún tòmátì.

"Ọ̀la," ó dáhùn.

"Mo ti mọ̀. Àpòòwé wà nínú páálí bàtà, lábẹ́ ibùsùn níbí. Kó o sì lọ bu yìnyín wá."

"Omi ẹ̀rọ ń yọ wàá ní kíṣìnì."

"Omi ẹ̀rọ! Ṣé aṣọ la fẹ́ fọ̀ ni? Bu yìnyín wá, Ìyá. Ẹ̀yìn gáréèjì ni kó o ti bù ú, má bù ú lẹ́bàá ọ̀nà. Iyọ̀ lọkọ̀ ìjọba ń fọ́n sẹ́bàá ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ ò sì mọ èhù sí èpò."

"Saveli, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lo ti ń sọ ọ́ fún mi."

"Ọgbọ̀n ọdún ló gbà kó o tó máa gbọ́."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu tó ṣì wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ náà ń jáde díẹ̀díẹ̀, àmọ́ àwàdà rẹ̀ àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, inú Kapitolina sì dùn títí tó fi rántí ohun tó ń lọ bu yìnyín fún. Ó wọ bàtà onírun, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó bu yìnyín funfun tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ lẹ́yìn gáréèjì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń mú ilé gbóná títí ó fi yọ́. Gbogbo ẹni tó ń gbin nǹkan níbẹ̀ ló gbà pé omi yìnyín ń jí irúgbìn tó bá ti sùn lọ. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa fi omi ẹ̀rọ ṣe é lójú Saveli.

Tòmátì ìyá Saveli ni tòmátì náà. Ó tóbi tó ìkúùkù ọkùnrin, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, inú rẹ̀ kún fún ẹran ju omi lọ. Lọ́dọọdún ni Saveli máa ń yan èso kan péré, á yọ kóró rẹ̀, á sá a sórí bébà, á kó o sínú àpòòwé, á kọ ọdún sí i lára. Kapitolina rẹ kóró náà sínú omi yìnyín tó ti po oògùn apakòkòrò elésè àlùkò mọ́. Ó wá lọ gbé àpò iyẹ̀pẹ̀ tó wà níta lẹ́nu fèrèsé, tó ti dì gbagidi bí òkúta, ó gbé e sínú agbada ìwẹ̀ kó lè rọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ oko ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wà á wálé lọ́jọ́ tó ká tòmátì tó kẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tà á.

"Gbé díẹ̀ wá síbí," Saveli wí.

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un. Saveli gbé e símú, ó di ojú, ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́.

"Oko wa," ó wí.

Kapitolina ní òun fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ kábéèjì lórí iná. Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná.

Ọjọ́ kẹfà ni èhù àkọ́kọ́ yọ, tó tẹ orí ba bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo páálí mílíìkì mẹ́ta tí wọ́n gbin kóró sí ló ti tutù yọ̀yọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ò tó, èhù náà sì ń ga láìní agbára, ni Rimma tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn bá gbé iná aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń tan fún ọ̀gbìn wá. Ní àṣálẹ́, tí èèyàn bá wo ilé òdìkejì, fèrèsé bíi mẹ́wàá ló ń tàn pupa bẹ́ẹ̀. Aláròyé obìnrin ni Rimma, ó ti bá wọn gba owó ọkọ̀ nínú bọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún, ohùn rẹ̀ ò sì tíì gbà pé òun ti fẹ̀yìn tì.

"Saveli, o tún ti lé òdòdó ìyàwó ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀? Ìkà ni ẹ́ o!"

"Òun ló kó wọn sílẹ̀. Bi í."

"Irọ́! Kapa tí mo mọ̀?" Rimma yíjú sí Kapitolina. "Ẹ̀yin méjèèjì ṣáà ní ohun tẹ́ ẹ fi ń jà. Èmi ní òdòdó funfun tí wọ́n ń pè ní Ayọ̀ Obìnrin yẹn, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Wọ́n ní kì í tanná nílé obìnrin tí kò ní ọkọ tó dáa. Ogún ọdún tí ọkọ mi fi wà nílé, ewé lásán. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kó ẹrù ẹ̀ lọ, òdòdó mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà!"

Saveli rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ń dà létí ẹnu rẹ̀, Kapitolina sì bá a nù ún. Àmọ́ nígbà tí àwọn obìnrin méjèèjì dé kíṣìnì, Rimma pa ilẹ̀kùn dé.

"O ò tíì sọ fún un."

"Rọra máa sọ̀rọ̀."

"Mò ń rọra sọ ọ́. Kapa, oṣù kẹfà ni wọ́n ń gbé tòmátì lọ sóko. Níbo lo fẹ́ gbé tìrẹ lọ? Ṣé inú agbada ìwẹ̀ ni?"

"Bóyá kó tó di oṣù kẹfà..."

"Kó tó di oṣù kẹfà, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Kapitolina da tíì fún un. Ojú tì í, nítorí ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé bóyá Saveli ò ní sí láyé mọ́ nígbà náà, ó sì rí i pé Rimma mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn òun nìyẹn. Rimma mu tíì rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó di ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, ó tó àsìkò láti yọ èhù kọ̀ọ̀kan kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n sì gbìn ín sínú ife yọ́gọ́ọ̀tì tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ méjì ni. Saveli ní òun ló máa ṣe é.

"Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?"

"Òsì á gbìn. Ọ̀tún á di ife mú."

"Ọ̀tún tí kò lè di ìka tèmi mú?"

"Ìka tìẹ kì í ṣe tòmátì."

Kapitolina tẹ́ bébà ìròyìn sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó gbé ife sínú ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀, ó ká ìka rẹ̀ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ife mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe, òógùn sì bo Saveli. Lọ́jọ́ kejì, Kapitolina yọ ọwọ́ kúrò láti nu imú, ó bojú wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ìka márààrún ṣì wà lára ife náà, wọ́n dì í mú. Ó bojú wo Saveli. Saveli gbé ojú sókè sí i bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde dúró.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gbin ife méjìdínláàádọ́ta. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Inga dé ní Ọjọ́bọ̀, ó mú ọwọ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí Saveli di ìka òun mú, ó sì pariwo.

"Bàbá! Kí lẹ fún ọwọ́ yìí jẹ?"

"Iyẹ̀pẹ̀," Saveli wí. "Tó bá di oṣù kẹfà, mo máa fẹsẹ̀ ara mi rìn dé ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀. Ibẹ̀ ni yìnyín ti ń kọ́kọ́ yọ́. Ibẹ̀ ni mo máa gbìn wọ́n sí."

"Màá bá yín lọ, màá wá jẹ níbẹ̀!"

Kapitolina lọ sí kíṣìnì, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún òun.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lè sùn dáadáa. Ohun tó ti rò pé irọ́ kékeré tó máa gbé òun kọjá ìgbà òtútù ni ti di òpó tí ọkùnrin náà fara tì. Bí ewé kan bá kún èhù, ọjọ́ kan ti dín nìyẹn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra wọn. Tó bá ń bomi rin wọ́n, ó máa ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ó rò ó pé, èhù mà ń kú o. Gbogbo ọdún ni ti àwọn kan ń kú, òtútù ń pa á, àrùn ń pa á. Bí ti ọdún yìí bá kú fúnra rẹ̀, kò ní sí ohun tí wọ́n máa gbé lọ sóko, wọ́n á ní ó di ọdún tó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ọdún tó ń bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde lọ bu yìnyín. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn tí yìnyín máa fi wà nílẹ̀ ni. Ọ̀nà ẹ̀yìn gáréèjì ti di ẹrẹ̀, lóòótọ́ ni, orúnkún sì ń dùn ún, lóòótọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe ẹrẹ̀, kì í ṣe orúnkún ló dá a dúró lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí òkìtì yìnyín dúdú wà, tí iyọ̀ ọkọ̀ ìjọba ń dán nínú rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Obìnrin kan tó ń kọjá kí i, ó sì dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, tó bù ú kún bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí yìnyín náà yọ́, ọgbọ̀n ife ló bomi rin kó tó dáwọ́ dúró. Ó da ìyókù sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ọjọ́ kẹrin, etí ewé ti gbẹ, ó ti pọ́n bíi ti ewé tí iná rà. Ní ọjọ́ kẹfà, ọgbọ̀n èhù ti dojú bolẹ̀ nínú ife wọn. Saveli ní kí wọ́n gbé ọ̀kan wá fún òun. Ó fa èhù náà tu, ó wo gbòǹgbò rẹ̀ lábẹ́ iná, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ọwọ́ mi ni," ó wí.

"Ọwọ́ ẹ kọ́. Afẹ́fẹ́ fèrèsé ni."

"Ọwọ́ mi ni, Ìyá. Ọ̀tún yìí. Ó fún ife mọ́lẹ̀ jù, ó pa gbòǹgbò wọn nínú. Mi ò mọ bó ṣe ń fún un tó, ṣó o rí i? Mi ò mọ̀ ọ́n lára."

Ó ti ọwọ́ náà bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó sì sunkún láìpariwo, ojú rẹ̀ sí ògiri. Ká ní Kapitolina sọ̀rọ̀ ní wákàtí yẹn, mo gbà pé Saveli á ti dárí jì í. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Saveli fi kọ̀ láti yọ ọwọ́ náà síta, tí Inga bẹ̀ ẹ́ tí kò gbà, tí Kapitolina kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tòun ti orúnkún rẹ̀ tó ń dùn, tó gbé ọ̀kan nínú èhù méjìdínlógún tó kù wá, tó ní, "Bàbá, àwọn wọ̀nyí náà, ọwọ́ yẹn ló gbìn wọ́n. Wò ó bó ṣe sanra." Ìgbà yẹn ló tó yọ ọwọ́ náà jáde. Kapitolina ò fi omi iyọ̀ bomi rin nǹkan kan mọ́. Ó wá ń tọ́jú méjìdínlógún náà bí ẹni tó ń san gbèsè, ó ń yí wọn sí ìmọ́lẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n sì yè, igi wọn nípọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ní òórùn tòmátì tí èèyàn máa ń gbọ́ lọ́wọ́ tó bá fọwọ́ kàn wọ́n.

Ní ìparí oṣù kẹrin, fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ méjì. Kapitolina wo nọ́ḿbà náà, Alsu ni, obìnrin tó ra oko. Kò gbé e. Ó ti bá Alsu sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀wé pé kó má wá sílé, kó máa pe òun. Àmọ́ bí èèyàn bá pè, pè, tí wọn ò gbé e, kí ló kù tó máa ṣe? Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, aago ilẹ̀kùn dún. Alsu ló dúró síbẹ̀, bàtà oko tó kún fún ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ìyá Kapitolina, ẹ má bínú o! Mo pè yín títí. Wọ́n ti tú omi sílẹ̀ nínú gbogbo oko, tiwa nìkan ni kò yọ. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i."

"Sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́," Kapitolina wí.

Ó ti pẹ́ jù.

"Ta nìyẹn?" Saveli pè láti inú yàrá. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ oko? Jẹ́ kó wọlé."

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ní ìwà ni Alsu, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, ó kí Saveli dáadáa. Ó rí tòmátì lójú fèrèsé, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbin gbogbo ìwọ̀nyí? Tèmi kò ju báyìí lọ." Ó fi ìka kékeré hàn án.

"O ní omi ò yọ nínú oko ẹ. Nọ́ḿbà wo ni oko ẹ?"

Alsu wo Kapitolina, tó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn. Kò mọ nǹkan kan. Ta ló sọ fún un pé aláìsàn yìí ò mọ̀?

"Tiyín mà ni, bàbá. Ẹ̀tàdínláàádọ́ta. Àti oṣù kẹwàá la ti rà á."

Kapitolina di férémù ilẹ̀kùn mú. Saveli ò pariwo, kò bojú wo ìyàwó rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń wá ọ̀rọ̀.

"Lábẹ́ ilé ìwẹ̀," ó wí níkẹyìn. "Pákó kan wà nílẹ̀ ní ọwọ́ òsì. Ṣí i. Irin pupa kan wà níbẹ̀. Sí òsì ni kó o yí i, má yí i sọ́tùn-ún, ó máa ṣẹ́."

"Lábẹ́ ilé ìwẹ̀, sí òsì."

"O ti tú ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀?"

"Rárá, a ò tíì tú u."

"Da eérú sí i kó o tó tú u. Ibẹ̀ ni kó o gbin tòmátì sí, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ móoru. Má ṣe gbìn ín síbòmíì." Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá, kó tòmátì fún un."

"Mélòó?" Kapitolina bi í.

"Gbogbo ẹ̀. Àti àpòòwé inú páálí bàtà."

Alsu ò mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó ń wo ọ̀kan, ó ń wo ìkejì. "Bàbá, gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Ẹ jẹ́ kó kù sílẹ̀ fún yín. Ha, bàbá, ẹ ṣ..."

Saveli gbé ọwọ́ òsì sókè kíá. "Má dúpẹ́. Wọn kì í dúpẹ́ ọ̀gbìn. Kò ní mú ilẹ̀ tó o bá dúpẹ́."

"Òótọ́ ni, ìyá àgbà mi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀," Alsu wí, ó sì rẹ́rìn-ín, torí kò sí ohun míì tó lè ṣe.

Ìrìn mẹ́ta ló rìn sísàlẹ̀ pẹ̀lú páálí, Rimma jáde bá a gbé e, kò sì béèrè nǹkan kan, ó kàn wo ojú Kapitolina lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, Kapitolina wọ yàrá. Pèpéle fèrèsé ti ṣófo, àmì ìdí ife yọ́gọ́ọ̀tì wà lára rẹ̀ róbótó róbótó.

"Saveli, bú mi."

Saveli ń wo fèrèsé.

"Bú mi, mo bẹ̀ ẹ́. Mi ò lágbára ẹ̀ mọ́, mo tà á, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Dókítà ló ní kí n má sọ ọ́. Rárá, irọ́ ni, èmi ni mi ò lè sọ ọ́."

"Oṣù kẹwàá," Saveli wí. "Nígbà tí à ń gbin kóró, o ti mọ̀."

"Mo mọ̀."

"A ń gbé wọn sínú ife. O ti mọ̀."

"Mo mọ̀. Àti ọgbọ̀n tó kú..." Ó jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn. "Ọwọ́ ẹ kọ́ ló pa wọ́n. Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti bu yìnyín yẹn. Mo mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú ẹ̀, mo sì bù ú."

Ó retí ariwo, ó retí kó ju nǹkan lù ú, ì bá dáa bẹ́ẹ̀. Saveli yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sórí àyà, ó wò ó lọ títí. Lẹ́yìn náà ló ní oùngbẹ ń gbẹ òun. Kapitolina bomi fún un, ó mu ún tán, ó dá ife padà.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, kò yàtọ̀. Tí Kapitolina bá kí i, á dáhùn. Tó bá gbé kàṣà, ọkà sísè, síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́, tó bá ní ó yó, ó yó. Kò bínú, kò yodì, kò tún pè é ní Ìyá mọ́, kò sì pè é ní orúkọ míì. Kapitolina kó jerániọ̀mù rẹ̀ padà sójú fèrèsé, nítorí kò lè wo ibi tó ṣófo yẹn. Ewé wọn ti pọ́n nínú òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, igi wọn ti gùn gbọọrọ. Ó dúró díẹ̀ lẹ́yìn tó tò wọ́n tán, ó ń retí pé kí Saveli sọ̀rọ̀ sí i, kó tilẹ̀ sọ pé wọ́n tún ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ òun. Saveli ní kó bá òun fa aṣọ fèrèsé náà, pé oòrùn ń wọ òun lójú.

Ní Ọjọ́bọ̀, Nọ́ọ̀sì Inga dé pẹ̀lú ariwo rẹ̀, ó bọ́ kóòtù, ó fọ ọwọ́, ó fa àga mọ́ ibùsùn.

"Ó yá, bàbá, ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ alágbára yẹn. Ẹ di ìka mi mú."

Ọwọ́ ọ̀tún Saveli wà lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Kò sún.

"Ẹ dì í mú, bàbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ fún mi lọ́wọ́ débi tí mo fi pariwo."

"Kí n fi ṣe kí ni?" Saveli bi í.

Inga rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "Ẹ gbọ́ wọn! Oṣù kẹfà ti dé tán, wọ́n ń béèrè pé kí àwọn fi ṣe kí ni. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán wọn létí ohun tó ń dúró dè wọ́n."

Kapitolina dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́. Inga yíjú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Saveli náà yíjú sí i, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Àbámẹ́ta, ó sì ń wò ó, ó ń dúró de ohun tó máa sọ. Kapitolina ń ká aṣọ ìnuwọ́ náà, ó ń tú u, ó tún ń ká a.